Ẹni Tí Wọ́n Ń Wádìí Rẹ̀

Ọ̀kadà pupa kan yà wọ ọgbà ilé ìwòsàn kan ní Ìjerò-Èkìtì láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, obìnrin kan tó fi ìborùn bojú jókòó sẹ́yìn ẹni tó ń wà á. Ọkùnrin náà ga, ó dúdú mìnìjọ̀, eruku ojú ọ̀nà ti kun bàtà rẹ̀ méjèèjì. Ó gbójú sókè wo pátákó tuntun tí wọ́n rì sí ẹnu ọ̀nà. Ó kà á délẹ̀. Kò sọ̀kalẹ̀, kò pa ẹ́ńjìnnì, ó yí orí ọ̀kadà padà, ó ń lọ.

Mojọlá rí i láti ojú fèrèsé. Nọ́ọ̀sì ni, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ìtọ́jú àwọn tí ọpọlọ tàbí ọkàn wọn ń ṣàárẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀. Láti aago mẹ́jọ ló ti jókòó, kò rí ẹyọ ẹnìkan. Nígbà tó wá rí ẹni tó dé tó tún fẹ́ padà, eré ló sá jáde, sálúbàtà kan bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró! Ẹ ti débi tí ẹ ń bọ̀!"

Ọkùnrin náà dúró. Ó wo ẹsẹ̀ tó wọ bàtà, ó wo èyí tí kò wọ̀, ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e mì.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ta ló kọ pátákó yìí?"

"Èmi ni mo ní kí wọ́n kọ ọ́."

"Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà, ẹ ṣeun. 'Ìtọ́jú Àrùn Ọpọlọ, Gbogbo Ọjọ́bọ̀.' Láti ọ̀nà jíjìn lèèyàn ti ń kà á. Ṣé ẹ mọ orúkọ tí wọ́n ń pe Ọjọ́bọ̀ ní ibùdó ọlọ́kadà báyìí? Ọjọ́ wèrè. Ẹni tó bá ní ká gbé òun wá síbí lónìí, kó tó padà délé, àwọn àna rẹ̀ ti gbọ́."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, inú bí Mojọlá. Oṣù méje gbáko ló fi gbé ètò náà kalẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló pè é pé kó wá bí ará Ìjerò, Ìkòrò, Ìlóró, Àrámọkọ títí dé Ẹ̀fọ̀n yóò ṣe máa rí ìtọ́jú ọpọlọ láìjẹ́ pé wọ́n ń sọ ara wọn nù lójú ọ̀nà. Ó ya gbogbo rẹ̀ sórí bébà ńlá: ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, kẹ́míìsì, ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn, ó fi ìlà so wọ́n pọ̀ mọ́ra wọn. Ojú àwọn èèyàn nìkan ni kò yà síbẹ̀. Ní ìlú kékeré, ojú lọ̀rọ̀ wà!

"Kí wá ni kí n ṣe?" Ohùn rẹ̀ le díẹ̀. "Kí n máa fi ìtọ́jú pamọ́?"

"Ẹ pa á pọ̀ mọ́ ọjọ́ àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru. Bẹ́ǹṣì kan náà, káàdì kan náà. Ta ni yóò mọ ẹni tó wá wọn ẹ̀jẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó wá gba abẹ́rẹ́ ọpọlọ?"

Ọ̀rọ̀ náà rọrùn débi pé ojú ti Mojọlá. Ó wá wo obìnrin tó wà lẹ́yìn ọ̀kadà, ó rí i tó ń fa ìborùn bo ojú sí i.

"Ẹ gbé wọn gba ẹ̀yìn wọlé," ó wí jẹ́jẹ́.

Rídwàn lorúkọ ọkùnrin náà, akọ̀wé ẹgbẹ́ ọlọ́kadà ni. Tàwàkálítù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló gbé wá. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni àbísínwín mú un, ọkọ rẹ̀ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó dá a padà sílé bàbá rẹ̀, àwọn ẹbí sì ní kó máa gbé yàrá ẹ̀yìn. Rídwàn nìkan ni kò gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Mojọlá kò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe tọ́jú rẹ̀ tán. Nọ́ńbà káàdì rẹ̀ ló kọ: "Ẹni Kẹtàdínlógún."

Ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n yọ pátákó. Ọ̀sẹ̀ kẹta, bẹ́ǹṣì àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru kún.

Báyìí ni Rídwàn ṣe di ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbé ètò náà ró. Ó kó ọlọ́kadà méjìlá wá, Mojọlá sì kọ òfin kan tí wọ́n fi búra: ohun tí ojú rẹ bá rí lójú ọ̀nà yìí, má sọ ọ́ fún ìyàwó, má sọ ọ́ fún bàbá, ẹni tó ni àìsàn nìkan ló ni ẹnu tí yóò fi sọ ọ́. Àwọn kan fi Bíbélì búra, àwọn kan fi Kùránì, ọ̀kan ní irin ọ̀kadà òun lòun mọ̀, ó sì fi ẹnu kàn án. Bí aláìsàn kan kò bá wá lọ́jọ́ rẹ̀, Mojọlá yóò pe ọlọ́kadà ọ̀nà ibẹ̀, ìyẹn yóò yà wò ó nílé bí ẹni tó kàn ń kí wọn. Pásítọ̀ kan wà ní Àrámọkọ, lèmọ́mù kan ní Ìlóró, Deborah tó ni kẹ́míìsì sì wà ní Ẹ̀fọ̀n, àwọn náà ń bá wọn ṣọ́ àwọn aláìsàn.

Ta wá ni yóò gbé nọ́ọ̀sì káàkiri gbogbo ìlú wọ̀nyí? Ẹ má bi mí. Àwọn ọlọ́kadà méjìlá ló wà, ṣùgbọ́n ẹnìkan ṣoṣo ló máa ń ráyè.

Lójú ọ̀nà Ìkòrò, níbi tí wọ́n ti ń sá kòkó sí ẹ̀gbẹ́ títì, Rídwàn á rọra wà á, á ní ihò pọ̀. Mojọlá mọ̀ pé ihò kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

"Ẹ̀yin Èkìtì yìí," Rídwàn á wí, "ilé lásán, ẹ ò lè pè é. Ẹ ní 'ulé'."

"Ulé ni. Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ lẹ wá bà á jẹ́."

"Ará Ọ̀yọ́ kẹ̀? Ìkirun ni bàbá mi ti wá, èmi, Ìjerò níbí ni wọ́n bí mi sí!"

"Bí igi bá pẹ́ lódò títí, kì í di ọ̀nì."

"Háà, Nọ́ọ̀sì! Ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ máa fẹsẹ̀ rìn lọ!" Ṣùgbọ́n kò dúró, ẹ̀rín ló ń rín.

Ohun tó mú ọkàn Mojọlá kò ju ọjọ́ kan tí wọ́n lọ sí Ìlóró. Àgbẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí kò bá èèyàn sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí oko rẹ̀ ti jóná. Mojọlá ti béèrè gbogbo ìbéèrè tó wà nínú ìwé, ọkùnrin náà kò fèsì. Rídwàn kàn jókòó tì í lórí àpáta, ó ń bá a ṣa ẹ̀wà. Wọ́n ṣa á títí. Nígbà tó yá, àgbẹ̀ náà ní, "Èmi ni mo dáná sun ún." Rídwàn kò ya ẹnu. Ó ní, "Ẹ kú ìnira, bàbá." Mojọlá gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, Mojọlá, o ti kó sí i.

Ní òkè Ẹ̀fọ̀n, ọ̀sán Sátidé kan tí ìkùukùu ṣì wà lórí àwọn òkè, Rídwàn pa ẹ́ńjìnnì.

"Kí ló dé? Ó bàjẹ́ ni?"

"Kò bàjẹ́. Mojọlá, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Mo fẹ́ máa gbé ọ káàkiri báyìí títí a ó fi darúgbó."

"Lórí ọ̀kadà? Tí mo bá darúgbó, ẹ̀yìn mi ò ní gbà á."

"A ó ti ra kẹ̀kẹ́ Márúwá nígbà náà, àyànfẹ́ mi."

Mojọlá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó fọwọ́ nu ojú tán, ó ní, "Wá rí bàbá mi."

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá Mojọlá, Francis Fẹ́yìsetán, gbogbo ìlú ń pè é ní Tísà. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, Mojọlá nìkan lọmọ tó bí. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹ má ṣì í gbọ́. Rídwàn wù ú. Ó ní ti ẹ̀sìn kò dun òun, pé Mùsùlùmí àti ẹlẹ́sìn Kristi ń jẹun nínú abọ́ kan náà ní Ìjerò kí wọ́n tó bí òun. Ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n fún òun láyè kóun ṣe ìwádìí.

Ẹ̀yin òbí, ẹ mọ ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Kí ọmọ tó lọ ilé ọkọ, wọ́n á rán ẹnìkan lọ sí àdúgbò ọkọ, á máa béèrè bí ẹni tí kò béèrè. Ṣé wọn kì í jalè? Ṣé wọn kì í kú ní rèwerèwe? Ṣé wèrè kò sí níbẹ̀? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ló máa ń tú ìfẹ́ ká jù.

Ẹni tí Tísà rán lọ padà wá, ojú rẹ̀ rú.

"Mo bi ọlọ́kadà mẹ́sàn-án, sà. Gbogbo wọn ní àwọn ò mọ nǹkan kan nípa ilé náà."

"Ọlọ́kadà tí kò mọ ìròyìn?" Tísà sún síwájú nínú àga. "Láti ìgbà wo?"

Ìyẹn gan-an ló bà á lẹ́rù. Ní ọjọ́ kejì, ó pe Mojọlá sí pálọ̀.

"Mojọlá, ìwọ lò ń tọ́jú gbogbo wọn. Ṣé ẹnìkan nínú ẹbí Rídwàn ń gba oògùn lọ́dọ̀ rẹ?"

Bí Mojọlá bá ní rárá, irọ́ ni. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti ta Tàwàkálítù, ó sì ti fọwọ́ ara rẹ̀ fa òfin tó kọ ya. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ má bínú. Bí ẹ bá bi mí nípa ẹnikẹ́ni ní gbogbo Ìjerò, bí mo ṣe máa dákẹ́ náà nìyí."

"Dídákẹ́ rẹ ti dá mi lóhùn. Wèrè dùn-ún-wò, kò ṣé bí lọ́mọ. Mi ò ní fi ọmọ mi kan ṣoṣo ta tẹ́tẹ́."

Ó dìde, ó wọ yàrá lọ. Láti ọjọ́ náà, bí Mojọlá bá kí i, "ẹn" lásán ló ń dáhùn. Mojọlá kò bá Rídwàn sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú pálọ̀, ó kàn sọ fún un pé bàbá ò tíì fọwọ́ sí i.

Ràsákì, àbúrò bàbá Rídwàn, tó gbọ́ pé Tísà ń wádìí ilé wọn, ló mú ìmọ̀ràn wá. Ó ní kí wọ́n gbé Tàwàkálítù lọ sílé ẹ̀gbọ́n ìyá wọn kan ní Ẹ̀fọ̀n, títí ìgbéyàwó yóò fi kọjá. "Oṣù méjì péré. Ohun tójú Tísà ò bá rí, kò lè bà á lẹ́rù."

Rídwàn tó mọ̀ pé kò yẹ kí wọ́n fi èèyàn pamọ́, Rídwàn tó tìtorí ojú aráyé ní kí wọ́n yọ pátákó, ó gbà. Ìfẹ́ ló ń pa á bí ọtí. Ó sì kó sínú àṣìṣe tó rò pé ọgbọ́n ni. Tàwàkálítù kò bá wọn jiyàn. Ó nu ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó bò ó, ó ní, "Ó dáa, àbúrò mi." Kò sẹ́ni tó rántí ọjọ́ abẹ́rẹ́ oṣooṣù rẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, bẹ́ǹṣì kún, Mojọlá ń pe nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Ẹni Kẹtàdínlógún kò jẹ́ ẹ. Ó dúró títí di ọ̀sán, ó wá ṣe ohun tí ètò ní kó ṣe, ó pe ọlọ́kadà tó ni ọ̀nà ibẹ̀.

"Rídwàn, Ẹni Kẹtàdínlógún ò wá."

Ó gbọ́ tí Rídwàn pa ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà.

"Rídwàn?"

"Mò ń bọ̀ níbẹ̀."

Nínú ọgbà ilé ìwòsàn, lábẹ́ igi máńgòrò, ó jẹ́wọ́ fún un. Mojọlá gbọ́ ọ parí kó tó sọ̀rọ̀, ìyẹn ló sì ba Rídwàn lẹ́rù jù.

"O fi í pamọ́. Fún mi."

"Torí kí n má baà pàdánù rẹ ni, ìfẹ́ mi."

"Má fi tèmi ṣe! Bàbá mi bi mí lójú kojú, mo dákẹ́. Oṣù kan ààbọ̀ rèé, bàbá tó bí mi ò bá mi sọ̀rọ̀, torí mo gbà kí n pàdánù rẹ ju kí n la ẹnu mi lórí ẹ̀gbọ́n rẹ. Ìwọ wá lọ gbé e jù sẹ́yìn òkè!"

Rídwàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé wọ́n ti bi Mojọlá. Ó bo ojú, ó sunkún, àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru méjì tó kù lórí bẹ́ǹṣì sì wo ibòmíràn.

Mojọlá ti ń pe Ẹ̀fọ̀n. Kò pé wákàtí kan tí Deborah fi yà sílé náà, ó mú ọ̀rá ọsàn kan dání bí ẹni tó wá kí wọn, ó sì pè padà. Ó ní Tàwàkálítù kò sùn láti ọjọ́ mẹ́ta, ó ń bá ògiri sọ̀rọ̀, àwọn onílé ti ń wá okùn tí wọn yóò fi dè é.

Wọ́n gba Àrámọkọ kọjá lọ sí Ẹ̀fọ̀n láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀kadà ń gun òkè, Mojọlá fi ọwọ́ kan lé èjìká Rídwàn, ó sì fi í síbẹ̀. Wọ́n bá Deborah lẹ́nu ọ̀nà, ó na apá méjèèjì dí ilẹ̀kùn, ó ní kò sẹ́ni tí yóò mú okùn wọ ibẹ̀. Mojọlá fún Tàwàkálítù lábẹ́rẹ́, ó jókòó tì í títí oorun fi gbé e lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Tàwàkálítù ti padà sílé, ara rẹ̀ ti balẹ̀. Rídwàn dọ̀bálẹ̀ fún un, ó bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun yóò sọ fún Tísà pé òun ò fẹ́ Mojọlá mọ́, kó lè bá ọmọ rẹ̀ rẹ́.

"Dìde," Tàwàkálítù wí. "Gbogbo yín ń sọ ọ̀rọ̀ mi. Ìwọ gbé e, Bọ̀dá Ràsákì gbìmọ̀ lé e lórí, Nọ́ọ̀sì pa á mọ́. Kò sẹ́ni tó bi mí. Nínú ìbúra yín, ẹnu ta ni wọ́n ní ó ni ín?"

"Tìẹ ni."

"Ó dáa. Gbé mi lọ bá Tísà."

Ọ̀sán Sátidé ni. Tísà jókòó, Mojọlá dúró lẹ́yìn àga rẹ̀. Rídwàn àti Ràsákì wọlé, wọ́n dọ̀bálẹ̀. Tàwàkálítù tẹ̀ lé wọn, kò fi ìborùn bojú, ó kúnlẹ̀ sáàárín pálọ̀.

"Ẹ káàsán, sà. Èmi ni Tàwàkálítù, ẹ̀gbọ́n Rídwàn. Èmi ni ẹni tí ẹ ń wádìí."

Ràsákì wú ikọ́. Tísà kò wò ó.

"Ta ló rán ọ?"

"Ẹnikẹ́ni ò rán mi, sà. Mo ní kí n wá gba ìbéèrè yín fúnra mi."

Wọ́n ti mú ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wá síwájú Tísà fún ọdún márùndínlógójì, ó mọ ẹni tó ń bẹ̀rù yàtọ̀ sí ẹni tó ń purọ́. Obìnrin yìí ń bẹ̀rù.

"Kí ló ṣe ọ́?"

"Mo bímọ. Ọjọ́ kẹsàn-án, mi ò mọ̀ ọ́n lọ́mọ mi mọ́. Mo ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́. Ní báyìí, mò ń gba abẹ́rẹ́ lóṣooṣù, mò ń ránṣọ, mo sì ń rí ọmọ mi lọ́jọ́ Àìkú. Bí mi ò bá gba abẹ́rẹ́, ó lè padà dé. Ó padà dé lóṣù tó kọjá, nígbà tí wọ́n lọ fi mí pamọ́ nítorí yín." Ó gbójú sókè wo Tísà. "Bí ẹ bá ní Rídwàn ò ní fẹ́ ọmọ yín, mo gbọ́ o, sà. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi mí pamọ́ fún yín mọ́. Mo ti lo ọdún mẹ́rin ní yàrá ẹ̀yìn. Ó tó."

Tísà yí ọrùn padà.

"Mojọlá, o mọ èyí?"

"Mo mọ̀, sà."

"O sì jẹ́ kí n máa bá ọ bínú láti ọjọ́ yìí?"

"Ẹnu mi kọ́ ló yẹ kó ti jáde, bàbá mi."

Bàbá arúgbó bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó sì pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

"Gbogbo ọjọ́ tí mo fi kọ́ ọmọ, 'ẹ dákẹ́' ni mò ń pariwo, kò sẹ́ni tó dákẹ́. Tèmi ló wá mọ̀ ọ́n ṣe." Ohùn rẹ̀ wúwo. "Mo ti jẹ ọ́ níyà, ọmọ mi. Má bínú."

Mojọlá di èjìká rẹ̀ mú. Tísà wá kọjú sí Ràsákì.

"Lọ́jọ́ tí ẹ bá wá tọrọ ìyàwó, ta ni yóò ṣáájú àwọn obìnrin yín wọlé?"

Ràsákì ń kálòlò. "Ìyàwó mi ni, sà. Tàwà... a rò pé kí òun máa sinmi nílé..."

"Ṣé ìyàwó rẹ ló bá Rídwàn mu ọmú kan náà? Ẹ̀gbọ́n ọkọ ń bẹ láàyè. Bí mi ò bá rí i níwájú, ẹ má wá."

Rídwàn wo Mojọlá, Mojọlá wo Rídwàn, kò sí ẹni tó lè rẹ́rìn-ín nínú wọn, omijé ti gba ojú méjèèjì.

"Ó yá, Tàwàkálítù, dìde," Tísà wí. "Ilẹ̀ le."

Tàwàkálítù kò dìde. Ó pa ọwọ́ pọ̀, ó tún ìkúnlẹ̀ rẹ̀ ṣe.

"Ṣebí mo ti kúnlẹ̀ báyìí, sà. Ẹ jẹ́ kí n kúkú tọrọ rẹ̀. Àwa ìdílé wa, gbogbo wa, àti èmi náà, a bẹ̀ yín, ẹ fún wa lọ́mọ yín."

Tísà na ọwọ́ sẹ́yìn, ó fa Mojọlá wá síwájú, ó sì fi ọwọ́ rẹ̀ lé ọwọ́ Tàwàkálítù.

"Mo ti fún ọ," ó wí.